Ẹ Bá Mi Wọn Ẹsẹ̀ Fàrídà

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Wàsíù,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà ni? Màmá ńkọ́? Orúnkún wọn ńkọ́? Ara tèmi le, iṣẹ́ ń lọ. Mo mọ̀ pé ìkíni kọ́ lẹ ń retí. Ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ ẹ́ gbọ́, mi ò sì fèsì. Kì í ṣe àfojúdi. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà, nígbà tí mo sì délé, mi ò mọ ibi tí ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ bi mí: "Kí lo sọ fọ́mọ yìí tí kò fi jẹun alẹ́ mọ́?"

Mo sọ ọ́. Mi ò ní purọ́. Lọ́jọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tí ẹ gbé fóònù fún un, tó wọ léèsì aláwọ̀ ewé yẹn, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé, "Háà, Fàrídà, ṣé ìwọ nìyí? O ti di ìyá àgbà! Rọra máa jẹun o." Ẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́. Ẹ̀yin náà rín in, Wàsíù rín in, mo gbọ́. Ọmọ náà bá wa rín in pẹ̀lú, ó ní "Ẹ ṣé mà," ó sì kọ ojú fóònù sára ògiri. Láti ọjọ́ náà kò ṣí kámẹ́rà fún mi mọ́. Ó ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Nẹ́tíwọ̀kì tí Wàsíù fi ń wo bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, òun ni kò dáa fún èmi nìkan.

Mo tún wá fi aṣọ kún un. Àwọn jíǹsì méjì tí mo fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé, wọ́n kọ ọ́ sára wọn pé ti ọmọ ọdún 11 sí 12 ni. Ọmọ mi ti pé 12, mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń ta aṣọ ọmọdé ní Ìlú Ọba níbí, bí ẹni pé ọjọ́ orí ní ìbàdí. Ẹ ní kò kọjá itan rẹ̀, ẹ ní ó jókòó sílẹ̀ nínú yàrá ó ń sunkún, tí Màmá ń bèèrè pé ta ló kú. Ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ ló kéré. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ìyá rẹ ló ra aṣọ tó kéré, torí ìyá rẹ ò mọ ibi tí o dàgbà dé.

Ibẹ̀ ló dùn mí jù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo fi sílẹ̀ sọ́wọ́ yín, tí mo lè gbé pọ̀n bí ó bá sùn lọ. Mi ò sá fún un, ẹ mọ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024 ni ìjọba ibí ti ní ẹni tó bá ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìwé tèmi jáde. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, mo ṣàlàyé fún Màmá, mo ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀. Gbogbo yín ní ó yé yín. Èmi tí mò ń ṣàlàyé ni kò tíì yé.

Mo bi nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ léèrè. Ó ní ọmọbìnrin tó bá ń sún mọ́ àsìkò nǹkan oṣù, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kó ọ̀rá jọ: ìbàdí á fẹ̀, itan á kún, á sì máa yára ga. Bí nǹkan oṣù bá ti bẹ̀rẹ̀, gíga náà á dẹwọ́. Ìgbà tó yẹ kí Fàrídà jẹun jù láyé ni mo ní kó rọra. Mo ti gba tèmi o.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ tiyín.

Ta ló ra tíì tó ń mú ikùn wọlẹ̀? Fàrídà ló jẹ́wọ́ fún mi pé tíì náà ń lé òun lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kí òun tó wọṣọ ilé ìwé. Mo ní kó ya fọ́tò páálí rẹ̀ ránṣẹ́. Séńnà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ìbátan àsúnwọ̀n ni o! Àsúnwọ̀n tí Màmá ń sè fún wa bí inú bá há. Ta ni àsúnwọ̀n sọ di ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rí nínú ilé wa? Omi àti ìgbẹ́ ló ń lé jáde, ọ̀rá jókòó jẹ́ẹ́ síbi tó wà. Bí ọmọ bá ti mu omi, ìwọ̀n rẹ̀ ti padà nìyẹn. Bí ó bá sì pẹ́ lórí rẹ̀, ó ń fa pòtásíọ́ọ̀mù lọ lára, ìyẹn sì ni ọkàn fi ń lù déédéé.

Ọṣẹ ńkọ́? Ẹ ní kó lè mọ́ra díẹ̀ nítorí ìgbéyàwó Kàfáyà. Ìgbà wo ni dúdú di ìdọ̀tí? Ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀, ẹ fẹ́ kó bóra. NAFDAC ti fòfin de mẹ́kúrì, èròjà tó ń bó awọ, nínú ọṣẹ àti ìpara, síbẹ̀ ó wà lọ́jà. Kíndìnrín ló ń bà jẹ́. Wọn kì í sábà kọ ọ́ sára páálí. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ pé kó má kan góòlù tàbí fàdákà, bí ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ sá fún un. Ohun tí kò gbọdọ̀ kan ṣéènì ọrùn yín lẹ fẹ́ fi fọ ojú ọmọ mi? Àwọn ìpara tí wọ́n po stẹ́rọ́ìdì mọ́ náà ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọgbẹ́ kì í sì í tètè jinná lára irú awọ bẹ́ẹ̀. Ẹ dákun, níbo ni ọṣẹ náà wà báyìí?

Mo mọ̀ pé ìkà ò sí nínú yín. Ẹ̀yin lẹ gbé e dìde lóru nígbà tí ibà ń ṣe é. Owó ni èmi ń fi ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí 2001, nígbà tí Agbani Darego gba adé Miss World ní South Africa, tí fọ́tò rẹ̀ wà nínú gbogbo ìwé ìròyìn. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ló ń febi pa ọmọ ọlọ́mọ?" Lásìkò yẹn, yẹ̀rì mẹ́ta ni ẹ̀yin gan-an ń wọ̀ sábẹ́ ìró kí ìdí yín lè yọ. Èmi ni ẹ ń pè ní ìgbálẹ̀. Màmá lọ bá mi ra oògùn tó ń múni jẹun ní ọjà Owódé, oorun ni mo sì ń fi í sùn ní kíláàsì títí tí tíṣà fi ránṣẹ́ pè wọ́n. Ní báyìí, Ọlọ́run fún ọmọ mi ní ara tí a fowó wá fún mi tí a ò rí, ẹ ní ó pọ̀ jù. Irú ara wo la ń fẹ́ nínú ilé yìí gan-an?

Obìnrin kan wà tí mò ń wẹ̀ níbi iṣẹ́, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé búrẹ́dì síwájú rẹ̀, á tì í padà, á ní ìyá òun ní òun ti sanra jù. Mo máa ń fi sọ àpárá fún àwọn Nàìjíríà ẹlẹgbẹ́ mi. Láti ọjọ́ Jímọ̀, mi ò lè fi sọ ọ́ mọ́.

Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni pé Fàrídà kò bá wọn ṣe eré ìdárayá ilé ìwé lọ́dún yìí. Òun tó ń ju irin ju àwọn ọkùnrin kíláàsì rẹ̀ lọ! Ó ní ṣòkòtò péńpé ń fi itan òun hàn. Ọmọ Ìyẹrú Ọ̀kín, ọmọ ìlú tó ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà, òun ló ń tijú èjìká tó fẹ̀? Blessing Oborududu tó gba fàdákà fún Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì Tokyo ní 2021, ìjàkadì ló jà, láàárín àwọn obìnrin kílò 68. Orí ìwọ̀n ni wọ́n ti ń gbé wọn kí wọ́n tó wọ pápá, ẹnikẹ́ni ò sì fi kílò rẹ̀ bú u. Ẹ fi fídíò rẹ̀ hàn án. Ẹ má sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ fi hàn án.

Ẹ bá mi bẹ Màmá kí wọ́n máa kì í, Àlàkẹ́ rẹ̀ ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn. Kí wọ́n kì í nígbà tó bá pọnmi dé, nígbà tó bá yanjú ìṣirò, nígbà tó bá fi Wàsíù ṣẹ̀sín tó sì borí. Oúnjẹ rẹ̀, ẹ má bù ú sọ́tọ̀. Ànàmọ́ tí gbogbo ilé ń jẹ ni kó jẹ. Ọ̀róbó tí Wàsíù ń pè é, mo fẹ́ kó dópin lónìí, ẹ̀yin ni yóò gbọ́ràn sí lẹ́nu.

150,000 náírà ni mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀. 60,000 ni ti aṣọ ẹbí rẹ̀: kí télọ̀ wọ̀n ọ́n lára, kó fi ààyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó má sì máa pariwo nọ́ńbà tó bá kà lára téèpù fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. 50,000 ni ti orúnkún Màmá. 40,000 tó kù, ẹ fi ra bàtà eré ìdárayá fún un. Kò sí kọ́bọ̀ ìpara níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pè mí láhun, ẹ pè mí.

Lọ́jọ́ Sunday màá pè láago mẹ́rin. Bí kò bá fẹ́ ṣí kámẹ́rà, ẹ má fipá mú un, màá máa bá ojú dúdú yẹn sọ̀rọ̀. Ẹ má ka lẹ́tà yìí sí i létí.

Kí ẹ tó lọ ra bàtà, ẹ bá mi wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yìí, mo rí i pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Èmi àbúrò yín,
Ìyá Fàrídà