Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: Igbó Tí O Kò Bá Ènìyàn Nínú Rẹ̀

Òmù-Àrán,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ ìlú o, o sì kú oríire ìgbéga. Kí n tó ti mọ́sálásí dé, ìyá rẹ ti ròyìn rẹ̀ dé ọjà, débi tí wọ́n ń kí mi ní bàbá ọ̀gá fọ́rẹ́sìtìrì. Mo ní kì í ṣe igbó nìkan. Igbó ni, omi ni, òkúta ni, iyanrìn odò ni, ojú ọ̀nà màlúù ni. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n máa fi ilẹ̀ kan ṣe, ọmọ mi ni yóò ṣáájú àwọn tó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ṣé owó wà níbẹ̀. Mi ò dáhùn.

Máàpù tí o ṣí hàn mí lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí o wálé ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ó dára púpọ̀. Nígbà tiwa, ẹsẹ̀ la fi ń wọn ààlà igbó ọba, àdá lọ́wọ́, ìwé kékeré lápò. Ẹ̀yin ń rí gbogbo rẹ̀ láti ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ibì kan wà lọ́nà Ìfẹ́lódùn tí wọ́n fi àwọ̀ ewé kùn, tí o ní kò sẹ́ni tó ń lò ó, pé ibẹ̀ ni ẹ lè fún àwọn tó fẹ́ dá oko kajú ńlá. Àbẹ̀kẹ́, má tíì fọwọ́ sí i.

Oṣù wo ni wọ́n ya àwòrán yẹn? Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni, òótọ́ ni pé o kò ní rí obìnrin kan níbẹ̀. Láti oṣù karùn-ún sí ìkẹjọ ni èso òrí ń já bọ́, ìdájí ni wọ́n sì ń lọ ṣa á, kí ẹran tó jẹ ẹ́. Ti irú, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni, nígbà tí èso rẹ̀ bá gbẹ lórí igi. Àwọn darandaran a gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí koríko bá tán ní Òkè Ọya, wọ́n á sì ti lọ kí òjò tó fìdí múlẹ̀. Ọdẹ ní àkókò tirẹ̀, olóyin náà ní tirẹ̀. Gbogbo wọn ló ń jẹ lórí ilẹ̀ kan náà, kò sì sí èyí tó kọ́lé síbẹ̀.

Tún wo ti ilẹ̀ tó ń sinmi. Àgbẹ̀ wa kì í sábà gbin igi òrí. Ó máa ń dá a sí ni nígbà tó bá ń ṣán oko. Bí ilẹ̀ bá ṣá, á fi í sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, koríko á bò ó, igi òrí àti igi irú á dúró. Ẹni tó bá wò ó láti òkè á ní ọ̀dàn lásán ni. Igi òrí yẹn lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó so èso àkọ́kọ́, kó sì tó 40 ọdún kó tó máa so dáadáa. Nítorí náà, níbi tí o bá ti rí wọn tí wọ́n jìnnà síra, tí gbogbo wọn sì ti dàgbà, oko ẹnì kan lò ń wò. Bàbá bàbá ẹnì kan ló dá wọn sí. Kọ́ àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ ní èyí kí wọ́n tó jókòó ti kọ̀ǹpútà.

Mo mọ ohun tí amòfin yín máa sọ: Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin kan náà ló ní kó dì í mú fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà, òun náà ló sì gbà pé kí ẹni tó ti ń ro ilẹ̀ máa ro ó lọ, pé bí ìjọba bá gbà á, kí wọ́n sanwó ohun tó gbìn àti ohun tó kọ́ sórí rẹ̀. Ẹni tí kò sí nínú máàpù yín, ta ni yóò sanwó fún un? Ti ohun àlùmọ́ọ́nì abẹ́ ilẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Abuja ni ìwé àṣẹ ti ń wá. Òfin ìwakùsà ti 2007 ní kí ẹni tó fẹ́ wa ilẹ̀ bá àwọn ará ibẹ̀ ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò bá ṣe é, bí ìwé ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ bá ti ní kò sẹ́ni níbẹ̀?

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ìsinsìnyí. Látìgbà tí àwọn ajínigbé ti sọ igbó apá ọ̀dọ̀ wa di ibùba, ọ̀pọ̀ ló ti pa oko tì. Ìyá rẹ kò lọ ṣa òrí mọ́, ó ń ra ti ẹlòmíràn lọ́jà. Bí àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ bá lọ ka àwọn àgbẹ̀ lọ́dún yìí, òfo ni wọ́n máa bá bọ̀. Ẹ̀rù ló lé àwọn ènìyàn yẹn, wọn ò ta ilẹ̀ wọn. Ẹ wá wọn lọ sí ibi tí wọ́n sá lọ, ìbáà ṣe Òmù-Àrán níbí, Ọ̀ffà tàbí Ìlọrin, kí ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí oko wọn wà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjọba á kàn bá ajínigbé parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni. (Má sọ fún ọ̀gá rẹ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.)

Ti eléèédú, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Bí gáàsì bá ti wọ́n, èédú á tà, àyìn àti igi òrí ni wọ́n sì ń fẹ́ nítorí iná wọn le. Ìjọba á fòfin dè é, ọkọ̀ á máa rìn lóru. Mo ti dúró lójú pópó dá wọn dúró rí, mo mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀. Ètò tó bá ní kí wọ́n má gé igi láìsọ ohun tí agégi máa jẹ, àwọn tó ń dúró lójú pópó ló máa di olówó.

Bí ẹ bá dé ìlú kan, ẹ kí ọba, ẹ kí baálẹ̀, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ààfin mọ ẹni tó ni ilẹ̀ ju ẹni tó ń ṣa nǹkan lórí rẹ̀ lọ. Ẹ lọ jókòó níbi tí wọ́n ti ń se irú. Ẹ má pe ìpàdé lọ́jọ́ ọjà. Ẹ dé gáà àwọn Fúlàní pẹ̀lú, kódà bí inú ìlú kò bá dùn sí wọn lásìkò yẹn. Bí kọmíṣọ́nà bá ní kí o yára, má bá a jà. Kọ ọ́ sínú fáìlì pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, oṣù tí ẹ lọ, ẹni tí ẹ bá, ẹni tí ẹ kò bá àti ìdí rẹ̀.

Ọdẹ kan wà tí a jọ rin igbó yẹn, ó ti ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìlọrin báyìí. Ìyá rẹ máa fi nọ́ńbà ọmọ náà ránṣẹ́ sí ọ. Etí bàbá náà ti di díẹ̀, nítorí náà lọ bá a nílé, kí o sì tẹ máàpù yẹn sórí ìwé ńlá, torí kò lè rí ti fóònù. Rí i pé o lọ kí ẹ tó fọwọ́ sí i o.

Bàbá rẹ.