Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí oògùn ìbà eégbọn fi di ti ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú wàhálà ajá, ẹ sì kú sùúrù. Tẹ́lẹ̀, ẹ máa ń gba oògùn ìbà eégbọn ọjọ́ 28 lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì máa lọ. Láti oṣù yìí, ẹni tí ajá rẹ̀ bá kéré ní láti padà wá ní ọjọ́ méje-méje, ìgbà mẹ́rin, kó gba ìgò kékeré kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwọn kan ń sọ ti dé etí mi: wọ́n ní ọgbọ́n àtigbowó ni, wọ́n ní oògùn tuntun yìí ló ń mú ajá àwọn bì. Ó dùn mí. Mi ò lè máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà mọ́, ni mo fi kọ eléyìí.

Hóró doxycycline, oògùn ìbà eégbọn tí ẹ mọ̀, èyí tó ní ilà láàárín tí a lè dá sí méjì, ẹni tó ń kó o wá fún wa ló dáwọ́ dúró. Kò ránṣẹ́, kò kìlọ̀. Nígbà tí a béèrè, kápúsù 100 mg ló gbé wá, ó ní nǹkan kan náà ni. Kì í ṣe nǹkan kan náà. Hóró ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní monohydrate. Hyclate ni kápúsù yìí. Hyclate tètè ń yọ́, ó sì ń ta ara bí ásíìdì. Bó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun ajá, ibẹ̀ ni yóò ti yọ́, yóò sì dá egbò síbẹ̀. Egbò náà lè jinná tán kí ọ̀nà ọ̀fun wá fún pinpin, tí oúnjẹ kò fi ní lè kọjá dáadáa.

Ti ìwọ̀n tún wà ńbẹ̀. 5 mg fún kìlógíráàmù kan, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ni ajá ń lò. Ajá tó wọn 20 kg yóò gba 100 mg, kápúsù kan gééré. Ajá tó wọn 4 kg, 20 mg péré ni tirẹ̀. Kápúsù kò ṣe é gé. Ẹni tó bá tú u tó ń fi ojú bu lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ lè fún ajá ní ìlọ́po méjì láàárọ̀, kó sì fún un ní ìdajì lálẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń po ó di olómi fún àwọn ajá kéékèèké: 20 mg nínú 1 ml. Ajá 4 kg yóò gba 1 ml láàárọ̀, 1 ml lálẹ́, 14 ml fún ọ̀sẹ̀ kan.

Doxycycline tí a bá ti pò mọ́ omi kì í pẹ́ bàjẹ́. Ọjọ́ méje la lè fọkàn tán an. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ 14, ó ti sọ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ nù, bí ìgò tilẹ̀ wà nínú fíríìjì. Ká fún yín ní ti ọjọ́ 28 lẹ́ẹ̀kan rọrùn fún wa gan-an, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi lásán ni ajá yín yóò máa mu láti ọ̀sẹ̀ kẹta lọ. Kòkòrò Ehrlichia, èyí tó ń fa ìbà eégbọn, kò ní kú tán. Yóò fara pamọ́, ó lè jẹ́ fún oṣù púpọ̀, kí ẹ tó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú ajá nítorí pé ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ti lọ sílẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ sí i.

Ní ti èébì: òótọ́ ni, doxycycline máa ń mú kí èébì gbé ajá, pàápàá láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má fún un lórí ikùn òfìfo. Ẹ fún ajá ní ìdajì oúnjẹ rẹ̀, ẹ fún un ní oògùn, kí ó jẹ ìyókù. Bó bá jẹ́ kápúsù, ẹ fi síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́ ta omi 5 sí 10 ml sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó gbé e mì, ẹ má sì jẹ́ kó dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó ń ba ìtọ́jú yìí jẹ́ jù lọ, tí mo ti ń pariwo rẹ̀, ni wàrà àti oògùn ẹ̀jẹ̀. Ẹ rí i pé èrìgì ajá funfun, ẹ wá ń fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú doxycycline nínú àwo kan náà. Irin inú oògùn ẹ̀jẹ̀ yóò so mọ́ doxycycline nínú ìfun, méjèèjì yóò bá ìgbẹ́ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni kálísíọ́mù inú wàrà àti oògùn inú kíkan. Ẹ bi wá kí ẹ tó fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ rárá. Wàrà ní tirẹ̀, kó jìnnà sí oògùn ní wákàtí méjì sí mẹ́ta.

Bó bá bì lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fún un ní ìlọ́po méjì nígbà tó kàn. Bó bá bì ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lóòjọ́, tí kò jẹun fún odindi ọjọ́ kan, tó ń na ọrùn bó bá fẹ́ gbé nǹkan mì, tàbí tó ń da itọ́, ẹ pè wá lọ́jọ́ náà. Bí funfun ojú tàbí èrìgì bá di òféefèé, ẹ dá oògùn dúró kí ẹ gbé ajá wá, nítorí ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀. Ọmọ ajá tí eyín rẹ̀ ṣì ń hù, ẹ sọ fún wa, oògùn yìí lè pa eyín náà láwọ̀ dà.

Ẹ má sì dá a dúró nítorí pé ajá ti ń sáré ká. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ajá ti máa ń ta kébékébé. Ọjọ́ 28 ṣì ni. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n dúdú, ó lè jẹ́ pé Babesia, kòkòrò mìíràn tí eégbọn ń kó wọ ara ajá, wà níbẹ̀, doxycycline kò sì ran ìyẹn. Abẹ́rẹ́ ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀.

A ti ń wá ẹlòmíràn tó lè kó hóró yẹn wá. Ní báyìí ná, ọjọ́ tí a po oògùn wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹ mì í dáadáa kí ẹ tó fà á, ẹ gbé e kúrò nínú ìmọ́lẹ̀. Bó bá ti pọ́n dúdú, tàbí tó ti pé ọjọ́ méje, bó tilẹ̀ kù nínú rẹ̀, ẹ gbé ìgò náà padà wá bá wa. A kò ní gba owó ìgò lọ́wọ́ yín.