Ẹ Bá Ẹni Tó Ń Fi Sìgá Sílẹ̀ Gbààwẹ̀ Rẹ̀

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Lẹ́tà òǹkàwé yín kan láti Abẹ́òkúta, tí ẹ gbé jáde lẹ́yìn Ọjọ́ Àìmu Tábà Lágbàáyé tó máa ń wáyé ní 31 oṣù Karùn-ún, ló mú mi gbé bírò. Ó ní ẹnikẹ́ni ò jẹ amusìgá ní ìrànlọ́wọ́ kankan, pé ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń fà á, ẹnu ara rẹ̀ náà ni kó fi kọ̀ ọ́. Ó ní ọkùnrin tí ojú bá ń tì á jù ú nù láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo ka lẹ́tà náà sókè ketekete fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù wa, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ẹni tó ń bá wí.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, pósítà olóṣèlú, ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń jáde. Ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord ni mo wà. Tí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé, tí iṣẹ́ kàlẹ́ńdà ọdún tuntun bá dé, a kì í sùn. Bébà ló kún inú ṣọ́ọ̀bù, kẹrosíìnì la sì fi ń fọ róla, nítorí náà kò sẹ́ni tó jẹ́ ṣáná níbẹ̀. Ìta là ń jáde sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ibẹ̀ la ti ń fà á, ibẹ̀ náà la ti ń gbọ́ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí àti ẹni tó ń wá owó yá. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni mo ti kọ́ ọ nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Á ní kí n lọ ra ẹyọ kan wá, kí n sì tàn án bọ̀. Kí ọmọdé tó lè tan sìgá, ó gbọ́dọ̀ fà á. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo ti fi í sílẹ̀ báyìí, Alhamdulillahi, ó sì ti ṣe díẹ̀. Kì í ṣe ìtìjú ló bá mi ṣe é.

Mùsùlùmí ni mí. Lọ́dọọdún, nínú Ramadan, láti ìgbà tí a bá ti pa ẹnu dé lẹ́yìn sáàrì títí ládàánì á fi pe ìrun Magrib tí oòrùn bá wọ̀, bíi wákàtí 13, sìgá kì í kan ètè mi. Ọ̀pọ̀ àwa tí à ń mu ún la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé sìgá ni wọ́n fi ń ṣínu kí wọ́n tó fẹnu kan dàbínù, kí Ọlọ́run foríjì wá. Ṣùgbọ́n tí Ramadan bá parí, tí ẹ bá ní kí èmi yìí kan náà ṣe wákàtí mẹ́ta péré láìfà á, ẹ ò ní lè dúró tì mí. Mo máa ń rò pé ìgbàgbọ́ ló fa ìyàtọ̀ náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Nínú Ramadan, ìyàwó mi ń gbààwẹ̀, ọ̀gá ń gbà á, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ onígbàgbọ́ gan-an á máa gbé oúnjẹ wọn sá fún mi, wọ́n á ní Bàbá ń gbààwẹ̀. Ìyá tó ń ta sìgá ní ojúde wa ò ní nà án sí mi. Gbogbo àdúgbò ló ń bá mi gbà á. Tí oṣù Ṣáwálì bá lé, ó ku èmi nìkan.

Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ́ fi í sílẹ̀ pátápátá, mo mọ ohun tí mò ń wá. Àwọn èèyàn ni mò ń wá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìyàwó mi kọ́kọ́ ṣe bí ọlọ́pàá. Tí mo bá ti wọlé, á ní, “Bàbá Rọ́fíátù, ẹ ya ẹnu yín.” Á gbóòórùn ọrùn ẹ̀wù mi, á gbóòórùn ìka ọwọ́ mi. Alfa wa náà gbọ́, ó sì fi mí ṣe wáàsí níbi àsàlátù, kò dárúkọ mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi. Ẹni tí ẹ bá dójú tì ní gbangba, ìkọ̀kọ̀ ni yóò ti máa ṣe é. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nídìí jẹnẹrétọ̀ ní tiwọn sọ ọ́ di àwàdà, wọ́n á fẹ́ èéfín sí mi lójú, wọ́n á ní, “Ààfáà, ẹ gba ìbùkún.” Mi ò lọ síbẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí mo bá fi sìgá sílẹ̀, mo fẹ́ fi àwọn ọ̀rẹ́ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, èyí sì dùn mí ju sìgá fúnra rẹ̀ lọ láwọn ọjọ́ kan.

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ tó wúlò fún mi. Mo gbé ọmọ-ọmọ mi lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, òun ló gbọ́ òórùn mi. Kò bá mi jà. Ó ní níkótíìnì tó wà nínú tábà ti mọ́ ọpọlọ mi lára, pé bí kò bá rí i, inú á máa bí mi, oorun lè dá lójú mi, mi ò ní lè fọkàn sí iṣẹ́, màá sì máa jẹun kiri. Ó ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, àti pé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan púpọ̀ nínú rẹ̀ á rọlẹ̀. Ó ní ìgbà tí ọkàn mi bá ń yán hànhàn sí i, kí n wo aago: ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, bóyá márùn-ún, bóyá mẹ́wàá, yálà mo fà á tàbí mi ò fà á, á kọjá. Ó tún sọ pé ẹni tó bá fi í sílẹ̀ fún ọdún kan, ewu àrùn ọkàn tó ń dojú kọ ọ́ á ti dín kù sí bí ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu ún. Mo dúpẹ́, mo ń lọ sílé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ló ń dún létí mi. Ta ni yóò bá mi jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá?

Ọmọkùnrin Ìgbò kan ló wà nídìí ẹ̀rọ tí a fi ń gé bébà. Kò mu sìgá rí láyé rẹ̀. Mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún un. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti rí i pé mo ń fọwọ́ pa àpò ẹ̀wù mi, á pa ẹ̀rọ, á ní, “Daddy, ẹ jẹ́ ká lọ.” A ó rìn dé Ọ̀nípanù, a ó yà padà. Kò dárúkọ sìgá sí mi lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ Arsenal ló ń sọ lálọ lábọ̀, èmi tí mi ò fẹ́ràn Arsenal rárá, màá ti máa bá a jiyàn, nígbà tí a ó bá fi padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó ti kọjá. Ọ̀gá bínú lákọ̀ọ́kọ́ pé a ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo bi í pé nígbà tí mò ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ta ló ń ṣe iṣẹ́ náà? Kò sọ nǹkan mọ́.

Ọmọ wa obìnrin àgbà ló bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé. Mi ò mọ ohun tó sọ. Ohun tí mo kàn rí ni pé ayẹ̀wò ẹnu dópin, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá orógbó àti orín nínú àpò ẹ̀wù mi láràárọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ló máa ń le fún mi jù, pàápàá tí mo bá jẹ àmàlà tán. Ìyàwó mi á wá gbé àwo ẹ̀gúsí síwájú mi pé kí n bá òun bó o. Ẹni tó bá rí mi níwájú ilé mi nígbà náà, ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ, tó ń bó ẹ̀gúsí bí ọmọge tó ń múra ilé ọkọ, á ti rò pé ilé ti dojú rú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń bó ẹ̀gúsí ò ráyè di nǹkan mìíràn mú. A jẹ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lọ́dún náà, ẹ jọ̀ọ́, ó tó gẹ́ẹ́.

Mo tún fẹ́ sọ ti ìyá tó ní ìsọ̀ ní ojúde wa. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí tábà, ti ọdún 2015, ti ní kí ẹnikẹ́ni má ta sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kí wọ́n má sì tà á lẹ́yọ lẹ́yọ, àfi odindi páálí tó ní ogún nínú. Ẹ wá wo Ṣómólú. Kò sí ìsọ̀ tí a kì í tú páálí, a sì so láítà mọ́ okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí oníbàárà lè tan tirẹ̀ kó tó ṣísẹ̀. Ẹni tó ń gbìyànjú láti fi í sílẹ̀ kì í ra odindi páálí, ẹyọ kan ló máa ń sọ pé òun fẹ́ rà. Ìyá yìí, mo lọ bá a, mo ní, “Ìyá, mo ti fi í sílẹ̀ o.” Ó ní, “Ó dáa, mi ò ní tà á fún yín mọ́. Tí ẹ bá bínú, ẹ bínú.” Mo lọ bínú lóòótọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo na owó sí i. Píọ́wọ́tà ló nà sí mi, kò gbowó. Nínú gbogbo àwọn tó ràn mí lọ́wọ́, òun nìkan ni owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí mi, kò sì sẹ́ni tó fi òun ṣe wáàsí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí òǹtẹ̀wé wàyí. Gbogbo ọdún tí mo fi mu sìgá ni mo fi ń ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára páálí rẹ̀, pé iléeṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ kìlọ̀ pé àwọn amusìgá lè kú láìtọ́jọ́. Mo mọ bébà, mo mọ àyè. Ó kù níbẹ̀. Wọ́n rí àyè tẹ ikú sí i, wọn ò rí àyè tẹ ibi tí ènìyàn lè lọ bí kò bá fẹ́ kú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ìgbà tí èèyàn bá gbìyànjú láti fi tábà sílẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́, bíi mẹ́rin péré ló ń bọ́ sí i. Wọ́n ní ìrànlọ́wọ́ oníṣègùn àti oògùn tó yẹ lè mú un ju ìlọ́po méjì lọ. Kí òǹkàwé yín láti Abẹ́òkúta bá mi wò ó, ṣé gbogbo àwọn 96 tó kù ni ojú kì í tì? Láti 2009 ni àjọ náà ti fi ṣingọ́ọ̀mù oní-níkótíìnì àti èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá sínú àwọn oògùn tó yẹ kí gbogbo ìlú ní lọ́wọ́. Mo bèèrè rẹ̀ ní kẹ́míìsì tó wà ládùúgbò wa. Ọ̀kan ní òun ò gbọ́ ọ rí. Òmíràn ní kí n ra mínìtì.

Àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé Peckham ní London náà fi í sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn apòògùn ló lọ. Wọ́n fún un ní èyí tó ń lẹ̀ mọ́ apá, ó ń padà lọ bá wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi hàn bí èéfín sìgá ṣe kù sí lára rẹ̀. Ó ní bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń wálẹ̀ dùn mọ́ òun ju owó oṣù lọ. Láti 2012, wọ́n tún ní oṣù Kẹwàá tí wọ́n ń pè ní Stoptober, tí wọ́n ń rọ gbogbo amusìgá ilẹ̀ náà pé kí wọ́n jọ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 28. Nígbà tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí fóònù, mo ní, “Ramadan nìyẹn.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ti rò ó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi sìgá tirẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Ó fà á níbi ìkómọ kan, ó wá sọ fún mi fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ wálẹ̀. A kò bá a wí. Mo ní kó wọ bàtà, ká rìn dé Ọ̀nípanù. Mi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù, nítorí náà ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo ń bá a sọ.

Olóòtú, ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ẹ bá wa wádìí ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ti aládàáni ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, tí ẹni tó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ lè lọ, kí wọ́n sì dá a lóhùn: ọjọ́ wo, aago mélòó, èló ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá mi ti gbà pé ká tẹ tiwa sórí káàdì kékeré lára bébà tó bá ṣẹ́kù nínú iṣẹ́, láìgba kọ́bọ̀. Ìyá onísọ̀ náà ní ká mú tirẹ̀ wá, pé òun á so ó mọ́ okùn láítà.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Rọ́fíátù,
Ṣómólú, Èkó.