Kí onílù tó kó lọ sí abúlé òyìnbó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọmọ Àyàn tí ariwo ìlú ti sú, tó fẹ́ ti Ọ̀yọ́ kó lọ máa gbé ní abúlé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀rọ̀ wa yìí ń bá wí. Ìwé ìrìnnà nìkan ni wọ́n sábà máa ń ṣe wàhálà lé lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ti ìlù náà.

Ohun tó ń ba dùndún jẹ́ lọ́hùn-ún ju òtútù lọ ni hítà. Afẹ́fẹ́ tútù kì í gba omi púpọ̀ mọ́ra. Bí hítà bá sọ ọ́ di gbígbóná nínú ilé, á gbẹ bí ìgbà ọyẹ́ tó le. Awọ á fà, ohùn á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá pẹ́, awọ á ya níbi tí wọ́n ti rán an mọ́ òrùka etí ìlù, igi ìlù pàápàá lè sán. Ẹ gbé ìlù jìnnà sí hítà. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, kó máa wà láàárín 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kò sí aṣelù lábúlé yẹn. Ẹni tó mọ ìlù lù àmọ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe gbọ́dọ̀ jókòó ti aṣelù kó tó lọ, títí yóò fi lè tú awọ tó ya, kó rẹ tuntun sómi títí yóò fi rọ̀, kó rán an mọ́ òrùka, kó sì fa ọsán, ìyẹn okùn awọ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, díẹ̀díẹ̀ yíká. Bó bá fa ẹ̀gbẹ́ kan le kó tó kan èkejì, ojú ìlù á wọ́, ohùn ò ní jọra. Abẹ́ òjìji ni kó ti gbẹ.

Ẹ mú awọ mẹ́rin tí wọ́n ti fá dáadáa dání, pẹ̀lú ọsán tó tó ìlù kan, kí ẹ sì kọ́kọ́ béèrè òfin àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ibẹ̀ lórí awọ ẹran. Ẹ má gbé awọ tútù onírun lọ rárá. Àìsàn anthrax láti ara awọ ẹran pa ẹni tó ń bá ìlù aláwọ ṣiṣẹ́ ní Scotland lọ́dún 2006, ó tún pa aṣelù kan ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2008.

Ti aládùúgbò náà ńkọ́? Kò sí jẹnẹrétọ̀ tí yóò bo ohùn ìyáàlù mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago méje àárọ̀ ni òfin ariwo ti le jù, àmọ́ lábẹ́ òfin ààbò àyíká wọn ti ọdún 1990, ìjọba ìbílẹ̀ lè fi ìwé dá onílù dúró lọ́sàn-án gangan. Ọ̀pọ̀ abúlé ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ń háyà ní wákàtí-wákàtí. Ẹ bi wọ́n léèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó sanwó ilé.

Àwa onílù àti aṣelù kan,
Ọ̀yọ́