Òjìji tó ń gun àtẹ̀gùn

Sí Olóòtú,

Lálẹ́ Sátidé tó kọjá ni mo kọ́kọ́ wo Nosferatu, fíìmù abanilẹ́rù tí kò ní ohùn, tí F. W. Murnau ṣe ní Jámánì, tó jáde lọ́dún 1922. Mo rò pé oorun ni yóò gbé mi lọ. Àmọ́ nígbà tí òjìji òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ yìí ń gun àtẹ̀gùn, tí ìka rẹ̀ gígùn sì nà síbi ilẹ̀kùn, ńṣe ni mo dìde lọ tan iná.

Ilé ẹjọ́ ti pàṣẹ kí wọ́n run gbogbo ẹ̀dà rẹ̀, nítorí pé àwọn tó ṣe fíìmù náà kò gba àṣẹ lọ́wọ́ opó Bram Stoker, ẹni tó kọ ìwé Dracula, kí wọ́n tó lo ìtàn inú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dà kan bọ́. Pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń pa irú òkú bẹ́ẹ̀, èyí tí fíìmù òde òní ń tún sọ ṣáá, kò sí nínú ìwé Stoker; inú fíìmù yìí ló ti wá.