Iyùn kì í ṣe òkúta

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ìròyìn yín nípa Tubbataha, ọgbà ìjọba tó wà láàárín òkun Sulu ní orílẹ̀-èdè Fílípínì. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ rántí ibẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ pé ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà “gun orí òkúta” níbẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 2013. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Kì í ṣe òkúta ló gùn, ohun ẹlẹ́mìí ni.

Ẹ̀dá inú omi ni iyùn. Ọ̀pọ̀ wọn kò tó èékánná ọmọ ìka, síbẹ̀ wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì ní ọwọ́ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ lóru. Ilé tí wọ́n ń mọ sábẹ́ ara wọn ni ojú wa ń rí bí òkúta. Àwọn ewé omi tín-íntín ń gbé inú ẹran ara wọn, àwọn ló ń fi oòrùn pèsè oúnjẹ fún wọn, tí wọ́n sì ń fún wọn láwọ̀. Bí omi bá gbóná jù, iyùn á pọ̀ wọ́n dànù, á funfun báláú, ebi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.

Mo ti wọ omi níbẹ̀ rí, lóṣù kẹrin, torí pé àárín oṣù kẹta sí oṣù kẹfà ni òkun máa ń rọ̀ tó láti débẹ̀. Ẹja kan tí ẹnu rẹ̀ rí bíi ti odídẹrẹ́ ń ha ewé kúrò lára iyùn, mo ń gbọ́ bó ṣe ń rún un wọ̀mùwọ̀mù. Kò pẹ́ tó fi yàgbẹ́, iyanrìn funfun ló ń dà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ìyẹ̀fun!

Láti ọdún 1988 ni wọ́n ti sọ ibẹ̀ di ọgbà. Irú iyùn tó wà níbẹ̀ lé ní 350, ti ẹja tó nǹkan bí 600. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbì ń gbé ẹyin àti ọmọ ẹja jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn apẹja tó wà níta. Àwọn olùṣọ́ ń gbé lórí iyanrìn kékeré kan, nǹkan bí 150 kìlómítà sí ìlú Puerto Princesa, fún oṣù méjì gbáko kí àwọn mìíràn tó wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ ò dárúkọ iṣẹ́ wọn rárá.

Iyùn tí ọkọ̀ yẹn bà jẹ́ lé ní 2,300 mítà níbùú lóròó. Amẹ́ríkà san owó ìtanràn lọ́dún 2015, ṣùgbọ́n iyùn tó rí bí òkìtì kì í sábà ga ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ lọ́dún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún ìròyìn yẹn kọ.

Èmi ni òǹkàwé yín.