Ẹ bá wa wá àyè fún fọ́tò ẹni tó ń ṣiṣẹ́

Sí Olótùú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá, a ń rí yín bá. Télọ̀ ni mí níbí ní Ìkéré-Èkìtì, obìnrin ni mí, fọ́tò yíyà ni mo fi ń najú, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀, mi ò sì ní sítúdíò, torí náà ẹ jọ̀ọ́ kí ẹnikẹ́ni má tìtorí lẹ́tà yìí pè mí sóde ìyàwó. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni ojú ìwé àwòrán yín. Ojú ìwé yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí tí fẹ́ńdọ̀ bá ti já ìwé ìròyìn sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, kí n tó ka ọ̀rọ̀ òṣèlú kankan. Kí ni mo sì máa ń bá níbẹ̀? Ìgbéyàwó, ìwúyè, òkú ṣíṣe, ọjọ́ ìbí olówó, àwọn olóṣèlú tí wọ́n tò gbọọrọ tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Mi ò ní kí ẹ yọ wọ́n o, mo mọ̀ pé ìnáwó ń ta ìwé ìròyìn, ẹni tí wọ́n bá gbé fọ́tò ẹ̀ á ra ẹ̀dà mẹ́wàá fún ẹbí. Àmọ́ ẹni tí kò mọ̀ wá rí tó bá fi fọ́tò inú ìwé yín mọ̀ wá, á rò pé Yorùbá kì í ṣiṣẹ́ ni, pé léèsì la kàn ń wọ̀ kiri láti Jánúárì dé Dìsẹ́ńbà.

Ká sòótọ́, kì í ṣe ẹ̀jọ́ tiyín nìkan. Inú ilé tiwa ló ti bẹ̀rẹ̀. Torí pé mo ń ránṣọ, mo máa ń tètè mọ̀ tí àgbàlagbà kan bá kú ládùúgbò, aṣọ òkú á ti dé ọ̀dọ̀ mi kí póstà tó jáde, àwọn ọmọ olóògbé náà á sì ní kí n bá àwọn wo èyí tó dáa nínú fọ́tò torí wọ́n mọ̀ pé mo ní kámẹ́rà. Wọ́n á kó fóònù jọ sórí tábìlì ìgéṣọ mi, èyí tó wà l'Ékòó á fi tiẹ̀ ránṣẹ́, èyí tó wà ní Kánádà á fi tiẹ̀ ránṣẹ́, gbogbo ẹ̀ pátá òde ni. Màmá nínú léèsì, màmá nínú áńkárá ẹgbẹ́, gèlè ti bo iwájú orí dé ìpéǹpéjú. Wọ́n á wá gé màmá jáde láàárín èèyàn mẹ́fà, wọ́n á gbé e lé ojú sánmọ̀ aláwọ̀ búlúù, èjìká ẹni tó jókòó tì í á ṣì kù síbẹ̀, èjìká lásán tí ò lórí, aṣọ ẹbí ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ti èèyàn ni. Obìnrin tó fi gaàrí dídín rán ọmọ dé yunifásítì! Kò sí ẹyọ fọ́tò kan tó ti jókòó ti agbada, kò sí ìkankan tí ẹ ti lè rí ọwọ́ ẹ̀. Ó máa ń dùn mí ju bó ṣe yẹ kó dùn mí lọ, torí kì í ṣe màmá mi.

Mi ò bá àwọn àgbà ayé ìgbà yẹn wí ṣá. Nígbà ayé fìímù, ìkan ò ju 36 lọ, òmíràn 24, ẹ máa ra fìímù, ẹ máa sanwó fífọ̀, ẹ máa tún sanwó títẹ̀, ta ló máa wá fi ẹyọ kan ṣòfò sórí ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́? Tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọ èyí tó dáa jù lọ nínú àpótí, wọ́n á gba sítúdíò lọ, wọ́n á jókòó re, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ojú á le koko, kò sẹ́ni tó ń fi eyín hàn. Bàbá tó bí bàbá mi wà bẹ́ẹ̀ lára ògiri ilé wa, mo fẹ́ràn fọ́tò yẹn gan-an ni. Nígbà yẹn ó nídìí. Àmọ́ nísinsìnyí tí fóònù ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi tó kéré jù ń gba fọ́tò ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tó jẹ́ pé téèyàn bá yà á tí kò dáa á kàn pa á rẹ́ ni, kí ló wá dé tó jẹ́ ìnáwó náà la ṣì ń yà? Ìnáwó àti sélífì. Àti ìrẹsì orí tábìlì, mo ti fẹ́ gbàgbé ìyẹn.

Àwọn kan ti sọ fún mi lójú kòrókòró pé ìyà ni mò ń yà kiri, pé tí wọ́n bá rí obìnrin tó ru igi nínú fọ́tò wọ́n á ní akúṣẹ̀ẹ́ ni wá ní Èkìtì. Ìlú tí mò ń gbé yìí gan-an ló ní ìdáhùn ọ̀rọ̀ yẹn. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tí wọ́n bí sí Èfọ̀n Aláayè, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ní Ìkéré. Ọjọ́ tí òyìnbó ìjọba kan tó ń jẹ́ Captain Ambrose wá kí ọba ló gbẹ́ síbẹ̀, Kábíyèsí jókòó tòun tadé, àwọn olorì wà níbẹ̀, òyìnbó wà nínú ohun tí wọ́n fi gbé e wá, kò sì tíì tán o, ó gbẹ́ àwọn tó gbé òyìnbó, ó gbẹ́ àwọn aláàárù pẹ̀lú ẹrù lórí wọn. Ilẹ̀kùn ààfin ni o, ọba ló ni ín, aláàárù sì wà lára ẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924, British Museum ló sì wà títí dòní tí àwọn òyìnbó ń tò láti wò ó. Ẹni tó bá ní yíya aláàárù ń tàbùkù ìlú kó lọ bá Ọlọ́wẹ̀ jà.

Nínú àwọn oní-kámẹ́rà náà, ẹ wo J.D. 'Okhai Ojeikere. Dákúrúùmù, yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, ló ti bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1954 ní ilé iṣẹ́ ìjọba, nígbà tó di 1968 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí obìnrin, ẹ̀yìn orí ló máa ń sáábà yà, onílé gogoro àti oríṣiríṣi ẹ̀, ó sì ń ṣe é lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kú ní 2014. Irun tí wọ́n máa tú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan! Iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí tí ò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹ̀. Òun ni wọ́n wá ń gbé kọ́ ara ògiri mùsíọ́ọ̀mù kárí ayé báyìí.

Kámẹ́rà tèmi, Canon tòkunbọ̀ ni, ní Adó ni mo ti rà á, lẹ́ńsì 50mm ló wà lára ẹ̀, kì í fa nǹkan mọ́ra, tí mo bá fẹ́ kí nǹkan tóbi ẹsẹ̀ mi ni mo máa fi sún mọ́ ọn. Ìyẹn sì wúlò torí kò jẹ́ kí n lè dúró lókèèrè máa jí fọ́tò èèyàn yà, mo gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, kí n kí wọn, kí wọ́n dáhùn. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń ráàyè, ọ̀sán ti kọ́sítọ́mà ni, oòrùn ọ̀sán náà ò sì dáa fún fọ́tò, ó máa ń ti òkè wá tààrà tí ihò ojú èèyàn á dúdú kirikiri. Ní Ìkéré níbí ẹ tún ní láti yára o, torí òkè ló yí wa ká, Olósùnta lọ́tùn-ún, Òròlé níbẹ̀ yẹn, kí ẹ tó ṣẹ́jú péú oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti sá sẹ́yìn àpáta. Àsìkò ọyẹ́ ni mo fẹ́ràn jù, eruku ojú sánmọ̀ á mú kí ìmọ́lẹ̀ rọ̀ lójú èèyàn, àmọ́ eruku yẹn náà ló ń wọnú lẹ́ńsì, ọkọ mi sì ti sọ pé owó tí mo fi ń ra aṣọ ìnulẹ́ńsì á ti tó ra agbọ̀n tòmátò kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kòkó. Mo bá kọ́sítọ́mà mi kan lọ sóko wọn, wọ́n ti fọ́ kòkó lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n ti kó o jọ, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi bò ó kí omi funfun ara ẹ̀ lè ṣàn dànù kó tó di pé wọ́n máa sá a. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán nígbà tí ìyá yẹn ṣí ewé, ni ooru bá bù yẹ̀ẹ̀ sí mi lójú, kíá ni omi bo lẹ́ńsì, mi ò rí nǹkan kan mọ́, mò ń fi etí ìró nù ún, ó tún ń bò ó, ìyá ń fi mí rẹ́rìn-ín. Òórùn ẹ̀ kan bíi ti ọtí àná. Nígbà tí lẹ́ńsì fi máa mọ́ ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, ó ń yí i po, omi pupa rẹ́súrẹ́sú ń kán ní ìka ẹ̀, hóró kòkó kan sì lẹ̀ mọ́ òrùka ìgbéyàwó ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo yà. Ó ní kí n dúró kóun wọ bùbá gidi, mo ní màmá ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ ṣe wà yìí náà ni mo fẹ́, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n tí òrùlé abà tó ń jò yẹn bá wọ inú ẹ̀ òun àti èmi á jọ fà á. Mo tẹ̀ ẹ́ ní 5 by 7 mo sì mú un lọ fún un. Mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tí mo bá yà, torí àwọn èèyàn ti gbọ́ oríṣiríṣi, wọ́n ní ẹ fẹ́ fi fọ́tò àwọn ṣe yahoo, wọ́n ní ẹ fẹ́ fi ṣe ohun tí ò dáa, mi ò sì rò pé ẹ̀rù wọn ò nídìí. Mo máa ń yí ojú kámẹ́rà sí wọn kí wọ́n wò ó, èyí tí wọn ò bá fẹ́ mo á pa á rẹ́ níṣojú wọn. Tó bá jẹ́ ọmọdé, òbí ẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀.

Fóònù náà lè yà á dáadáa, kẹ́ ẹ má rò pé dandan ni kámẹ́rà. Kí ẹ ṣáà pa nǹkan tó ń dán ojú yẹn. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ya ìyá ẹ̀ àgbà, ojú màmá dán gbinrin, ilà ojú ẹ̀ pòórá! Ilà tí wọ́n fi abẹ kọ láti kékeré, fóònù fi ìṣẹ́jú àáyá kan wẹ̀ ẹ́ nù. Mo ní kó lọ tún un yà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kù tó ń bí mi nínú. Tí ẹ bá gbé fọ́tò olóṣèlú, ẹ máa to oyè ẹ̀ láti Olóyè dé Ọ̀mọ̀wé dé Alàgbà, àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣèèṣì gbé obìnrin tó ń ta iṣu, ẹ máa kọ "oníṣòwò kan lọ́jà". Ṣé kò lórúkọ ni? Ẹ bi í, tó bá gbà, ẹ kọ ọ́. Ẹni tó ya fọ́tò náà ńkọ́? Àwọn sítúdíò àtijọ́ máa ń lu sítáǹpù sẹ́yìn fọ́tò, orúkọ sítúdíò àti ìlú, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ ibi tí bàbá bàbá mi ti ya tiẹ̀. Ẹ̀yin ẹ kọ "Fọ́tò: WhatsApp" sábẹ́ ìkan láìpẹ́ yìí, mo rẹ́rìn-ín títí.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Igun kékeré kan lọ́sẹ̀, fọ́tò ẹyọ kan, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀, ìlú ẹ̀ àti orúkọ ẹni tó yà á sábẹ́. Àwọn obìnrin Ìsàn tó ń mọ ìkòkò, àwọn tó ń fẹ́ ìrẹsì ní Ìgbẹ́mọ, fọkanáísà ẹ̀bá títì, tíṣà tí ẹfun ti bo ọwọ́ ẹ̀, ọkùnrin tó ń gún iyán ní búkà (èyí ṣòro yà o, tí shutter, ìyẹn ojú kámẹ́rà tó ń ṣí tó ń pa dé, bá wà ní 1/30 ìṣẹ́jú àáyá, ọmọ odó ò ní ṣe é rí, ẹ jẹ́ kó yára, ẹ gbé e sí 1/500). Kì í ṣe Èkìtì nìkan, kí àwọn tó wà ní Ṣakí, ní Ìjẹ̀bú, ní Òkìtìpupa fi tiwọn ránṣẹ́. Ẹ má sọ ọ́ di ìdíje ṣá, mo bẹ̀ yín. Tí ẹ̀bùn bá ti wọ̀ ọ́, àwọn tó ń ya ìgbéyàwó ló máa gbà á pẹ̀lú kámẹ́rà olówó gọbọi wọn, ẹ ò ní pẹ́ rí ọmọge tó kun ojú tó kun ètè tó gbé odó síwájú tó ń díbọ́n pé òun ń gún ẹ̀lú.

Kí ẹ sì sọ fún wọn pé bíi dọ́kúmẹ́ǹtì ni kí wọ́n fi ránṣẹ́, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò kéré, tó bá dé ọ̀dọ̀ yín bẹ́ẹ̀ tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé á kàn rí bàìbàì. Tí ẹ bá gbà, ẹ tẹ nọ́ńbà tí a máa fi í ránṣẹ́ sí sínú èyí tó ń bọ̀, kí ẹ tún jẹ́ ká mọ̀ bóyá aláwọ̀ ni àbí dúdú àti funfun, torí ti ìyá oníkòkó yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fún yín, ó ti fọwọ́ sí i, àmọ́ tó bá jẹ́ dúdú àti funfun ẹ ò ní rí pupa omi kòkó yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, màá yáa fún yín ní òmíràn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Télọ̀,
Odò-Ọjà, Ìkéré-Èkìtì.